Owó Ọmọdé Náà, Owó Ni

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin arábìnrin mi lọ́jà,

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀nà rẹ̀ jìn, láti ìlú Japan ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìsọ̀ ni, kò ní ṣàjèjì sí yín.

Wọ́n ní ìsọ̀ kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní dagashiya. Súìtì àti ìpápánu tí kò wọ́n ni wọ́n ń tà, òun ni wọ́n ń pè ní dagashi. Láyé àtijọ́, ṣúgà funfun wọ́n, àwọn ọlọ́lá ló ń jẹ ohun tí wọ́n fi ṣe. Ṣúgà pupa àti ọkà ni wọ́n fi ń ṣe ti mẹ̀kúnnù, ìyẹn ni wọ́n ṣe fún un lórúkọ ohun tí kò níyì. Àmọ́ ẹ wò ó o, Kamikawaguchiya, ìsọ̀ kan nínú ọgbà ojúbọ Kishimojin ní Tokyo, ọdún 1781 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ìran kan ń gbé e fún ìran kejì. Kishimojin yìí ni wọ́n máa ń bẹ̀ nítorí ọmọ.

Ẹni tó bá wọ irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ á rí i pé kò tóbi. Inú ìgò àti páálí kéékèèké ni wọ́n to ọjà sí, níbi tí ọwọ́ ọmọdé á tó o. Ìyá àgbà ló sábà máa ń jókòó tì í. Bí ilé-ìwé bá ti jáde, àwọn ọmọ á ya wọlé pẹ̀lú owó wẹ́wẹ́. Ọmọ á wo èyí, á wo tọ̀hún, á ṣírò owó ọwọ́ ẹ̀. Súìtì mìíràn wà, tí ọmọ bá bá oríire nínú ìdì rẹ̀, wọ́n á fún un ní ẹyọ kan sí i, bí èènì tiwa.

Ẹ wo Umaibo tí wọ́n fi àgbàdo ṣe. Láti 1979 ni wọ́n ti ń tà á ní 10 yen. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ló tó di 12 yen, ó sì di 15 yen ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ó lé ní 40 ọdún tí ọmọdé fi mọ iye tí òun máa mú dání!

Àbí kí ló wá dé tí ìsọ̀ wọ̀nyí ń tì? Ọmọ ò pọ̀ mọ́ ní Japan, ṣọ́ọ̀bù tí kì í tì tọ̀sántòru pọ̀ ní àdúgbò, èrè tín-ín-rín ni, àwọn ìyá ti darúgbó, ọmọ wọn ò sì fẹ́ jókòó tì í. Àwọn kan á ní kí ló kàn wá, ṣebí ṣọ́ọ̀bù ńlá náà ń ta súìtì. Èmi ò gbà. Ṣọ́ọ̀bù ńlá á gbowó lọ́wọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ta ni á ní sùúrù dúró kó ṣírò tán? Níbi ìsọ̀ ìyá àgbà yẹn lọmọ ti ń kọ́ pé owó máa ń tán, àti pé ẹni tó ń ra nǹkan kékeré náà, oníbàárà ni.

Torí náà, bí ọmọ kékeré bá dúró níwájú ìsọ̀ wa tó ń ka owó, ẹ jẹ́ kó kà á tán, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ ló ń di náírà. Ẹni tí a bá yẹ́ sí lọ́mọdé, á mọ̀nà ìsọ̀ wa lágbà.

Ire o.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ yín