Orúkọ Ta Ló Wà Nínú Ìwé Ilé?

Bí tọkọtaya bá ń wá ilé rà ní Abẹ́òkúta, ìlú tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀ dó lábẹ́ Olúmọ ní 1830, ilé ìdáná àti kànga ni àwa obìnrin máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kò burú, kànga gbígbẹ́ nínú àpáta kì í ṣe eré.

Ṣùgbọ́n ilé ẹbí pọ̀ níbẹ̀. Èyí tí ọmọ ẹbí bá tà láìsí àṣẹ olórí ẹbí, títà náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lójú òfin.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti owó èsúsú yín tí ẹ fi kún owó ilé, tí ó sì jẹ́ orúkọ ọkọ nìkan ni wọ́n kọ. Bí ó bá ṣe pé ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan lẹ ṣe, tí ọlọ́jọ́ sì dé láìsí ìwé ìpíngún, àwọn ọmọ ni àṣà fún ní ilé, kì í ṣe opó. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ tíì bímọ! Ẹ fi sùúrù bá ọkọ yín sọ ọ́ kí owó tó kúrò nílé, kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀yin méjèèjì sínú ìwé.