Kóńgò tá a ti sanwó ẹ̀, ẹ má lu ìdí ẹ̀ wọnú: ọ̀rọ̀ wa lórí dátà

Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ àti kòkòrò la sábà máa ń bá yín sọ níbí. Lónìí, ọ̀rọ̀ dátà ni. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí ló kan àgbẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ dátà. Ó kàn wá, ó sì ti mú wa jẹ gbèsè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tójú wa rí. Àwa ìdílé méje kan tá a jọ ń gbin tàtàṣé àti rodo lágbègbè Ìṣẹ́yìn dáwó jọ, a ra ẹ̀rọ ráútà kan. A ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tá a rà á lọ́wọ́ wọn. Ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn tí wọ́n fún wa ni pé a ó máa gba 30GB lóṣooṣù fún oṣù 12. Owó ọdún kan gbáko la san lẹ́ẹ̀kan náà, torí wọ́n ní ìyẹn ló dínwó jù. Ilé ọ̀kan nínú wa ni ráútà náà wà, ibẹ̀ la sì máa ń kóra jọ sí lálẹ́. Ibẹ̀ la ti ń mọ iye tí wọ́n ń ta ata ní Mile 12 àti ní Bódìjà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn aláta. Ibẹ̀ la ti ń fi fídíò ewé tó ń ká kò ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn, kó lè sọ ohun tá a máa ṣe sí i.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Nígbà tó di oṣù keje, àtẹ̀jíṣẹ́ gígùn kan wọlé, Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹni tó wọlé sórí fóònù ẹ̀ rò pé ìpolówó ni, irú èyí tí wọ́n fi máa ń dà wá láàmú láràárọ̀. Kò kà á. Àṣé ohun tó wà níbẹ̀ ni pé 30GB wa ti di 18GB. Wọn ò dá owó kankan padà o, wọn ò sì fi oṣù kankan kún un. Ìdí kóńgò ni wọ́n lù wọnú.

Lọ́jọ́ kọkàndínlógún oṣù náà, dátà tán. A ò mọ̀. A rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ṣe ìranù tó máa ń ṣe tí òjò bá ti ṣú. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá tó máa ń bá wa ta ata ní Mile 12 kọ̀wé sínú ẹgbẹ́ WhatsApp pé kí ẹnikẹ́ni má tíì kó ata wá o, pé ọkọ̀ láti òkè Ọya ti já ata sílẹ̀ rẹpẹtẹ. A ò rí i. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta òru, apẹ̀rẹ̀ 40 ti wà nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn tá a san owó ọkọ̀ àti owó alábàárù, ohun tó kù lọ́wọ́ wa ò tó owó àwọn tó bá wa ká ata náà. Ata kì í sì í ṣe iṣu tá a lè kó padà sílé.

Ẹlòmíì á ní ẹ̀bi tiwa ni, ṣebí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. A gbà pé ó yẹ ká kà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: bí ẹnì kan bá ti san owó 100 kóńgò ẹ̀wà fún wa ká tó kórè, tá a wá gbé 60 fún un, tá a ní "ṣebí a ti kọ̀wé sí yín," ṣé á gbà? Kò ní gbà. Á mú wa lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀, baálẹ̀ á sì dá a láre. Kéèyàn kìlọ̀ kó tó rẹ́ni jẹ, ìrẹ́jẹ ló ṣì ń jẹ́.

Ẹ bá wa ṣírò ẹ̀. 12GB ló ń lọ lóṣù kan. Nínú oṣù mẹ́fà tó kù, 72GB nìyẹn. Dátà tó ju ti oṣù méjì lọ, tá a ti san owó ẹ̀ sílẹ̀, ló fò lọ bẹ́ẹ̀.

A ò ní purọ́ mọ́ wọn. Àwọn ilé iṣẹ́ náà ní ìnira tiwọn. Òpó wọn ń jẹ epo, epo sì wọ́n. Náírà ti já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ òkè òkun ni wọ́n ti ń ra ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ wọn. Láti ọdún 2013 ni wọn ò ti yí iye tí wọ́n ń gbà padà. Nígbà tó di January 20, ọdún 2025, àjọ NCC tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù ní Nàìjíríà fún wọn láyè láti fowó kún un, kó ṣáà má ju ìdá 50 nínú 100 lọ. Àwọn kan nínú wọn tiẹ̀ ti béèrè ju ìdá 100 lọ.

Ó dùn wá, ṣùgbọ́n ó yé wa. Àwa náà máa ń fowó lé ọjà wa tí ajílẹ̀ bá wọ́n. Ọjà tuntun, owó tuntun. Àmọ́ ọjà tá a ti tà, tá a ti gbowó ẹ̀, tó kàn ku ká gbé e fún oníǹkan, ìyẹn kì í ṣe tiwa mọ́. Alájàpá tó sanwó sílẹ̀ fún wa nígbà tí irè wà lóko kì í fi kún un tí ọjà bá gbówó lórí. Tí ọjà bá sì já wálẹ̀, kì í gba nǹkan kan padà lọ́wọ́ wa. Bí àsansílẹ̀ ṣe rí nìyẹn láti ayé àwọn bàbá wa. Kí ló dé tí ti ilé iṣẹ́ ńlá á fi yàtọ̀? Wọ́n ti ń fi owó wa ṣòwò kó tó di pé a lo dátà tá a tìtorí ẹ̀ san án. Àǹfààní àsansílẹ̀, wọ́n ti jẹ ẹ́. Ewu ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ dì rù wá.

Wọ́n ní ó wà nínú àdéhùn pé àwọn lè yí i padà nígbàkígbà. A wá a, a rí i lóòótọ́. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ ni, lójú ewé tó kẹ́yìn. Àdéhùn tó de ọwọ́ ẹnì kan, tó tú ti ẹnì kejì sílẹ̀, àdéhùn wo nìyẹn? Òfin Nàìjíríà pàápàá ò fara mọ́ ọn. Òfin ọdún 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ láti máa gbèjà oníbàárà kò fàyè gba kí oníṣòwò fi àdéhùn ìrẹ́jẹ de ẹni tó ń bá a rajà. Ìlànà NCC náà ní kí oníbàárà mọ ohun tó ń rà àti iye ẹ̀ kó tó sanwó. Bí wọ́n bá wá lè yí òṣùwọ̀n padà lẹ́yìn tá a ti sanwó, kí la mọ̀ níbẹ̀?

Àmọ́ o, ẹ jẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, ká má baà lọ fi ẹjọ́ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ sùn.

Dátà tẹ́ ẹ ti rà, tí ọjọ́ ẹ̀ kò tíì pé, ó gbọ́dọ̀ pé bó ṣe wà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ sanwó. Èyí tẹ́ ẹ sanwó ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tàbí ọdún kan, bákan náà ni títí ọjọ́ á fi pé. Ṣùgbọ́n èyí tó máa ń ra ara ẹ̀ fúnra ẹ̀ tóṣù bá ti parí, ọjà tuntun ni lóṣooṣù. Wọ́n lè yí iye ẹ̀ padà, tí wọ́n bá ti sọ fún yín ṣáájú. Ẹ̀yin náà sì lè kúrò níbẹ̀.

Kódà lórí ọjà tuntun, ariwo wúlò. Ní February 2025, MTN gbé 15GB ọlọ́sẹ̀ kan tí wọ́n ń tà ní ₦2,000 lọ sí ₦6,000. Àwọn èèyàn fi ariwo bọnu káàkiri, ilé iṣẹ́ náà sì jáde wá tọrọ àforíjì. Bí wọ́n bá lè tọrọ àforíjì lórí ọjà tá ò tíì rà, mélòó mélòó wá ni èyí tá a ti sanwó ẹ̀.

Nǹkan kan tún wà: nígbà míì, fóònù tiwa ló ń jẹ dátà náà. Tí WhatsApp yín bá ń gbé gbogbo fídíò tó bá wọlé sílẹ̀ fúnra ẹ̀, á gbé dátà yín mì kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ wọ inú ibi ètò WhatsApp, kẹ́ ẹ pa á kó má gbé fídíò sílẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ yẹ fóònù yín wò kẹ́ ẹ tó bínú sí ẹnikẹ́ni.

Ohun tá a rọ gbogbo àgbẹ̀ àti ọlọ́jà láti máa ṣe rèé:

1. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ra dátà, ẹ ṣe screenshot àtẹ̀jíṣẹ́ tó sọ iye GB àti ọjọ́ tó máa parí. Tó bá jẹ́ ìwé ni wọ́n fún yín, ẹ yà á ní fọ́tò. Ẹ̀rí yín nìyẹn.

2. Ẹ máa tẹ *323# lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti mọ iye dátà tó kù. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tẹ́ ẹ fi ń kọ iye apẹ̀rẹ̀ tẹ́ ẹ tà. Tẹ́ ẹ bá ń lo ráútà, ẹ ní kí ọmọ kan nílé máa bá yín ṣe é.

3. Tẹ́ ẹ bá rí i pé wọ́n ti bù ú kù, ẹ kọ́kọ́ pe ilé iṣẹ́ náà lórí 300. Ẹ fi sùúrù sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò. Ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ yín lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ àti aago tẹ́ ẹ pè sílẹ̀.

4. Tí wọn ò bá yanjú ẹ̀, ẹ pe NCC lórí 622. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á béèrè bóyá ẹ ti kọ́kọ́ bá ilé iṣẹ́ náà sọ ọ́, ibẹ̀ ni nọ́ńbà ẹjọ́ yẹn ti máa wúlò.

5. Ní tiwa o, a ò ní san owó ọdún kan sílẹ̀ mọ́ títí wọ́n á fi kọ ọ́ sínú àdéhùn pé òṣùwọ̀n ò ní yí padà. Ká rà á lóṣooṣù, kódà kó fi díẹ̀ wọ́n jù, ó sàn ju ká san owó ọdún kan ká wá gba ti oṣù díẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ náà ńkọ́? Ohun tá à ń bẹ̀ wọ́n fún ò pọ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí àdéhùn tó wà nílẹ̀ parí kí wọ́n tó mú òmíràn wá. Tó bá pọn dandan kí wọ́n bù ú kù, kí wọ́n dá owó tó kù padà fún ẹni tí kò bá fẹ́. Kí wọ́n sì fi èdè tó yé wa sọ fún wa. Tí wọ́n bá fẹ́ ta síìmù fún wa, Yorùbá tó já gaara ni wọ́n fi ń polówó ẹ̀ lọ́jà. Kí ló dé tó jẹ́ Òyìnbó ni wọ́n máa ń rántí tó bá di ká bù kù?

Ibo la wá bá tiwa dé? A pe 300, a gba nọ́ńbà, a fi fọ́tò ìwé àdéhùn ránṣẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n dá 12GB padà, ti oṣù kan péré. Ọmọbìnrin tó bá wa sọ̀rọ̀ ní ilé iṣẹ́ ló ṣàánú wa, pé ká dúpẹ́. Ohùn ẹ̀ tutù, òun kọ́ ló sì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, a ò bá a jà. Ṣùgbọ́n a ò dúpẹ́. Tẹ́nì kan bá kó ewúrẹ́ wa mẹ́fà lọ, tó wá dá ẹyọ kan padà, ṣé ẹ ṣeun la máa sọ? 60GB wa ṣì kù lọ́wọ́ wọn. A ti gbé e dé ọ̀dọ̀ NCC. Tá a bá rí i gbà, ẹ máa gbọ́ níbí. Tá ò bá rí i gbà, ẹ ṣì máa gbọ́.

Àwọn kan nínú wa ti ń sọ pé ká fi sílẹ̀, pé kí ni 60GB já mọ́. Èsì wa fún wọn ni pé kóńgò kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń dán ìdí ẹ̀ wò. Tí oníbàárà bá dákẹ́ lórí èyí, wọ́n á mú èkejì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ yín, pàápàá àwọn tó ń múra láti ra ráútà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó padà sórí ọ̀rọ̀ ewé ata tó ń ká kò. Ẹ̀ẹ̀rùn ò ní jó oko yín o.