Wákàtí Kan ní Iwájú Ara Mímọ́

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ní aago mẹ́sàn-án kọjá ogójì ìṣẹ́jú, mo sáré wọ inú ilé àdúrà kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkòròdú. Aago mẹ́jọ ni orúkọ mi wà nínú ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìyá àgbà kan ni mo bá níbẹ̀, òun nìkan, ó jókòó sí ìjókòó iwájú, rósárì rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aago méje ni tirẹ̀. Ó ti lo wákàtí tirẹ̀ tán, ó ti lo tèmi, ó sì ń lo ti ẹni tí ó yẹ kí ó gbà á lọ́wọ́ mi, tí òun náà kò wá. Mo kúnlẹ̀, mo ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi bẹ̀bẹ̀. Ó rọra sọ pé, "Ọmọ mi, ṣé kò sí nǹkan? Ọkàn mi ò balẹ̀ nítorí rẹ." Nígbà tí ó dìde láti máa lọ, mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú.

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ìjọ Àgùdà lè béèrè pé kí ni ó dí ìyá náà lọ́wọ́ láti dìde kí ó sì máa lọ sí ilé rẹ̀. Ìgbàgbọ́ wa ni pé àkàrà tí àlùfáà yà sí mímọ́ nígbà Mísà kì í ṣe àmì tàbí ìrántí lásán. Jésù Kristi fúnra rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Nígbà ìjọ́sìn yìí, a ó gbé Ara Mímọ́ jáde kúrò nínú àpótí tí a ń pa á mọ́ sí, a ó fi sínú ohun èlò aláwọ̀ wúrà tí ìtànṣán yí ká bí oòrùn, a ó sì gbé e ka orí pẹpẹ kí gbogbo ojú lè rí i. Láti ìgbà náà títí a ó fi dá a padà, kò gbọdọ̀ wà láìsí ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ. Ìwé àṣẹ Redemptionis Sacramentum tí ó ti Vatican jáde ní 2004 sọ ọ́ kedere pé kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀, ìbáà ṣe fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Nítorí náà, bí ẹni tí ó kàn kò bá dé, ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni yóò dúró. Ta ni ń fi àlejò ọlọ́lá sílẹ̀ ní òun nìkan nínú pálọ̀?

Ọjọ́ pẹ́ tí àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1264 ni Póòpù Urban Kẹrin pàṣẹ kí gbogbo Ìjọ máa ṣe ọdún Ara Kristi. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Margaret Mary Alacoque, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan ní Paray-le-Monial ní ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí í fi wákàtí kan gbàdúrà ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, láti aago mọ́kànlá sí aago méjìlá, kí ó lè bá Jésù pín nínú ìbànújẹ́ ọgbà Gẹtisémánì. Ibẹ̀ ni Wákàtí Mímọ́ ti ṣẹ̀, òun náà ni ọ̀pọ̀ ìjọ fi ń yan Ọjọ́bọ̀. Nínú Ìhìn Rere Mátíù orí 26, Jésù bẹ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn mẹ́ta pé kí wọ́n bá òun ṣọ́nà. Nígbà tí ó padà dé, oorun ti gbé wọn lọ.

Nígbà tí mo wà nínú ọkọ̀ ní Kétu ní alẹ́ ọjọ́ náà, tí ọkọ̀ kò lọ síwájú tí kò lọ sẹ́yìn, mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ tèmi yàtọ̀ sí tiwọn, nítorí pé èmi kò sùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo kúrò ní ọ́fíìsì ní Erékùṣù Èkó, nítorí pé mo dúró jẹ kéèkì ọjọ́ ìbí ẹnìkejì mi. Ẹnikẹ́ni tí ó ń gbé Ìkòròdú mọ ohun tí ó dúró de ẹni tí ó bá bọ́ sí ọ̀nà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni ó fi ìyá yẹn sórí ìjókòó.

Mo ti ń ronú nípa àwọn Àgùdà àkọ́kọ́ ní Èkó láti ọjọ́ náà. Àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí wọ́n gba òmìnira, tí wọ́n padà wá sílé pẹ̀lú ẹ̀sìn wọn. Kí àwọn àlùfáà tó fìdí kalẹ̀ níbẹ̀ ní 1868, ọkùnrin kan tí a ń pè ní Padre Antonio, tí kì í ṣe àlùfáà rárá, ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà. Láìsí àlùfáà, kò sí Mísà. Láìsí Mísà, kò sí Ara Mímọ́ tí wọn ìbá ṣọ́. Èmi tí ilé àdúrà kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ilé mi, kéèkì ni mo dúró jẹ.

Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, bí a bá ti dárúkọ adoréṣọ̀n, pápá ńlá ni ó máa ń wá sí wọn lọ́kàn, irú èyí tí Enugu fi di olókìkí, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti ẹ̀rí iṣẹ́ ìyanu. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu ẹni tí ó gbé ìṣòro rẹ̀ lọ síwájú Ọlọ́run. Àìríṣẹ́ṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, owó ilé kò sì mọ ẹni tí ó ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni agbára ilé àdúrà kékeré, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ni ó sì ń lé púpọ̀ nínú wa sá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni ó le jù. Gbèsè, ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ, ẹni tí kò dá ìpè wa padà, gbogbo wọn yóò wọlé wá jókòó. Ohun tí ó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo fi fóònù sílé, mo ka ẹsẹ Bíbélì díẹ̀, mo ka ìdá kan nínú rósárì, lẹ́yìn náà mo pa ẹnu mọ́. Bí oorun bá kì ọ́ mọ́lẹ̀, má ṣe torí rẹ̀ sá lọ. Tẹ̀rẹ́sà ti Lisieux pàápàá máa ń sùn lákòókò àdúrà, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, síbẹ̀ ẹni mímọ́ ni a ń pè é.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ni ní Ẹ̀pẹ́ máa ń ṣe tirẹ̀ ní Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ẹ̀pẹ́, ìlú tí Ọba Kòsọ́kọ́ sá wá sí lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ọkọ̀ ojú omi lé e kúrò ní Èkó ní 1851, jẹ́ ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ sí gan-an. Ó ní ìpè àdúrà máa ń gba ojú fèrèsé wọlé bá àwọn níbi tí wọ́n kúnlẹ̀ sí. Mo bi í bóyá kì í dí i lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìpè náà ni ó máa ń rán òun létí nígbà tí ọkàn òun bá ti lọ sí ọjà ẹja.

Ní Ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, mo lọ bẹ ìyá náà ní ilé rẹ̀ ní Ìgbógbó, mo ra ọsàn dání. Ó gba ọsàn, kò gba ẹ̀bẹ̀. Ó ní kò sí ohun tí mo ṣẹ òun. Ó wá béèrè irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe àti aago tí a ń jáde. Nígbà tí mo sọ fún un, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Kí ló dé tí o wá mú Ọjọ́bọ̀?" N kò rí èsì fọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi mú.

Mo ti pa orúkọ mi rẹ́ níbẹ̀. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ Sátidé ni mo wà báyìí, nígbà tí kò sí iṣẹ́, tí ọ̀nà kò sì kàn mí. Ìyá náà ti kúrò ní Ọjọ́bọ̀, ó ti gba aago márùn-ún, kí a lè máa pàdé lẹ́nu ọ̀nà.