Ariwo Ẹ̀rọ Lásán Kọ́: Èrò Wa Lórí Orin Rave

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di àríyànjiyàn láàrin wa, tí a kò sì lè máa wò níran mọ́. Nígbàkúùgbà tí a bá ń ṣètò ijó ìparí sáà ẹ̀kọ́, tí ẹnìkan bá ti dárúkọ orin rave, ṣe ni àwọn kan máa ń yínmú. Wọn a ní ariwo ẹ̀rọ àwọn òyìnbó ni. Pé kò ní ọ̀rọ̀ nínú, kò ki ẹnikẹ́ni. Kí ni ọmọ Oòduà fẹ́ fi ṣe? Àwa kò fara mọ́ ọn rárá.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ti òyìnbó. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́ di rave lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ló bí i. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ni. Ní 1977 ni Frankie Knuckles bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwo sí i fún àwọn oníjó ní ilé ijó kan tí wọ́n ń pè ní Warehouse ní Chicago. Ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ house ti wá. Ní apá Detroit, ọmọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n jọ lọ sí ilé-ìwé ní Belleville, Juan Atkins, Derrick May àti Kevin Saunderson, ni wọ́n dá techno sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di 1988, orin náà ti ré òkun kọjá, ó ti gba London àti Manchester kan. Ọdún yẹn náà ni Àyìndé Barrister gbé Fuji Garbage jáde nílé níbí.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, "Acid Tracks" ti àwọn Phuture ni kó kọ́kọ́ gbọ́. Ní 1987 ló jáde. Ẹ̀rọ kan wà tí ilé iṣẹ́ Roland ní Japan ṣe, TB-303, kí ẹni tó ń dá kọ́ gìtá lè rí ohun tí yóò máa ta béèsì fún un. Ọjà náà kò tà, wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1984. Òkúta tí àwọn ọ̀mọ̀lé kọ̀ yìí ni àwọn ọmọ Chicago rà ní gbàǹjo, tí wọ́n ń yí gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹ̀dá abẹ̀mí. Orin náà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ má dúró de akọrin, kò ní í dé. Ẹ gbọ́ ọ bí ẹni tó mọ dùndún ṣe ń gbọ́ ìlù: omele wà nílẹ̀ tí kò yẹsẹ̀, ìyáàlù ń ké lórí rẹ̀. Kìkì pé èdè tí ìyáàlù tibí ń fọ̀ kò tíì yé ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí "Strings of Life" tí Derrick May ṣe ní 1987. Dùùrù ló gbé e ró, kò sí béèsì nínú rẹ̀ rárá, síbẹ̀ ẹsẹ̀ kò lè dúró. Lẹ́yìn rẹ̀ ni "Voodoo Ray" ti 1988, iṣẹ́ Gerald Simpson, ọmọ Manchester tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Jàmáíkà. Àwa fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo yòókù lọ. "Chime" ti àwọn Orbital dára. Àwọn wọ̀nyí fi ọ̀nà M25 tó yí London ká, tí àwọn oníjó ń wá òde ijó kiri lé lórí, sọ ara wọn lórúkọ. "Out of Space" ti The Prodigy, 1992, yóò tètè yé ẹni tó bá mọ régè, nítorí ohùn Max Romeo wà nínú rẹ̀. Ní ti "Energy Flash" ti Joey Beltram, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi bẹ̀rẹ̀. Yóò lé yín sá.

Èyí tó ká wa lára jù ni ọ̀rọ̀ Gregory Coleman. Onílù aláwọ̀ dúdú ni, nínú ẹgbẹ́ akọrin The Winstons ní Amẹ́ríkà. Ní 1969 wọ́n gba orin kan sílẹ̀, "Amen, Brother", wọ́n fi í sí ẹ̀yìn àwo. Láàrin orin náà, gbogbo àwọn yòókù dákẹ́, Coleman nìkan dá lù fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méje. Ìwọ̀nba yìí ni àwọn ọmọ London gé, tí wọ́n mú un sáré, tí wọ́n tún un tò, tí wọ́n fi ṣe orin jungle ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ó wà nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwo. Coleman kò rí kọ́bọ̀ gbà lórí rẹ̀ títí tó fi kú ní 2006. Ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn, Richard Spencer, rí £24,000 gbà ní 2015, ìyẹn náà kì í ṣe owó ẹ̀tọ́. Àwọn olólùfẹ́ orin ló dá a jọ.

Nílé wa, bí àyàn bá kì wá lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ á ti wọ àpò. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wa ń fi kọ̀ǹpútà gé ìlù láti inú àwo àtijọ́ ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì báyìí, wọ́n ń fi ṣe bíìtì tà fún àwọn olórin. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, a kò bú wọn. Orúkọ onílù náà ńkọ́? Ṣé ẹ tilẹ̀ wò ó lẹ́yìn àwo?

Ẹni tó bá ṣì ń ní orin yìí kò kàn wá, ẹ bi í bóyá ó mọ Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry. Ẹ̀kọ́ ìwé ló gbé e dé Amẹ́ríkà ní 1950, ìlù ló gbé e lékè. Nínú àwo rẹ̀, Drums of Passion, tó jáde ní 1960, ni "Jin-Go-Lo-Ba" wà, èyí tí Candido, onílù ará Cuba, tún ṣe ní 1979 fún àwọn ilé ijó. Ní 2018 ẹ̀wẹ̀, Tony Allen tó lu ìlù fún Fẹlá bá Jeff Mills ará Detroit ṣe àwo Tomorrow Comes the Harvest.

Ti egbòogi olóró tí wọ́n ń gbé mì níbi ijó wọ̀nyẹn, a kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ó wà, ó sì pa àwọn ọmọ kan. Ṣùgbọ́n kò sí nínú àwo orin. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ ṣe òfin ní 1994 tó fún ọlọ́pàá lágbára láti tú àpèjọ ọgọ́rùn-ún ènìyàn ká bí wọ́n bá ń lu irú orin yìí ní ìta gbangba lóru. Wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé orin tí lílù rẹ̀ ń tún ara rẹ̀ ṣe ni àwọn ń bá wí. Bí wọ́n bá fi ìyẹn wọn òde ìnáwó wa, ta ni ọlọ́pàá kò ní í kó?

Ohun tí a ń bẹ ìgbìmọ̀ ijó fún kò ju ààbọ̀ wákàtí lọ. Kí fújì àti jùjú kọ́kọ́ gba ilẹ̀ bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn oúnjẹ, kí wọ́n gbé "Jingo" ti Candido sí i, kí wọ́n ti ibẹ̀ bọ́ sí "Voodoo Ray", kí "Strings of Life" sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá fẹ́ jó lè jókòó ti ẹran rẹ̀.