Kòkòrò Inú Obì

Ní ọjà obì Ṣàgámù, obìnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi ojú lásán ra obì. Á mú awẹ́ kan, á yí i síwá sẹ́yìn níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, á fi èékánná tọ́ ibi tó bá dúdú wò. Ihò tóótóó ló ń wá. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé kí ihò tó yọ síta, kòkòrò ti jẹun yó nínú lọ́hùn-ún.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Ọ̀rẹ́ tó dalẹ̀ àti ẹbí tó ń ṣe ẹbí níkà la sábà máa ń pa òwe yìí mọ́. Àmọ́ ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà bi: bí aṣebi bá wà nínú, báwo la ṣe fẹ́ rí i kí obì tó bàjẹ́?

Lọ́dọ̀ dókítà, ibà ni ihò ara obì. Ara á gbóná, orí á fọ́, èébì á dé. Ibà ẹ̀fọn ń ṣe bẹ́ẹ̀, tàífọ́ọ̀dù ń ṣe bẹ́ẹ̀, ibà Lassa ń ṣe bẹ́ẹ̀, Ebola pàápàá kò yàtọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, Patrick Sawyer bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ní Èkó láti Làìbéríà, ó sì ṣubú lulẹ̀ ní pápákọ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ibà ẹ̀fọn ló ní ó ń ṣe òun; ó ní òun kò sún mọ́ ẹnikẹ́ni tó ní Ebola. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh tó ń tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ kò gba ihò yẹn gbọ́. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, kò sì jẹ́ kó kúrò ní ilé ìwòsàn bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aláṣẹ Làìbéríà ń fúngun mọ́ ọn pé kó tú u sílẹ̀. Yàrá àyẹ̀wò tó wà ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà ló kọ́kọ́ rí ọwọ́ Ebola nínú ẹ̀jẹ̀ náà; àwọn onímọ̀ Redeemer's University náà yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu. Nígbà tí orúkọ ti hàn, wọ́n tọpasẹ̀ àwọn tó ti fara kàn án, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900. Èèyàn 20 ni àrùn náà mú ní gbogbo Nàìjíríà, 8 kú. Adadevoh wà lára wọn. Ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú tí èrò rẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó mọ síbẹ̀.

PCR ni wọ́n ń pe ọgbọ́n àyẹ̀wò náà, òun kan náà tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò kòrónà nígbà tí wọ́n ń ti ọ̀pá olówùú bọ̀ wá nímú. Kary Mullis, ará Amẹ́ríkà, ló ronú kàn án ní 1983, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1993. DNA dà bí òwú méjì tí a lọ́ pọ̀. Wọ́n á mú un gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 95 kí òwú méjèèjì lè tú. Bó bá tutù díẹ̀, ègé DNA kéékèèké tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ á lọ lẹ̀ mọ́ kìkì ibi tó bá wọn mu, èròjà kan á sì hun èyí tó kù. Ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin. Lẹ́yìn ìgbà 30, ẹyọ kan ṣoṣo ti lé ní bílíọ̀nù kan. RNA ni ti Ebola àti Lassa, nítorí náà wọ́n á kọ́kọ́ yí i sí DNA.

Ṣùgbọ́n orúkọ tí a bá pè nìkan ni PCR ń jẹ́. Bí Adadevoh kò bá fura, ta ni ì bá pe Ebola? Lọ́dún 2014 kan náà, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà ròyìn ọmọkùnrin ọdún 14 kan ní Wisconsin tí ọpọlọ rẹ̀ ń wú, tí wọ́n ti gé díẹ̀ nínú rẹ̀ wò láìrí nǹkan kan. Wọ́n wá ka gbogbo DNA tó wà nínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ láìdárúkọ kòkòrò kankan. Kí wákàtí 48 tó pé, kòkòrò Leptospira yọjú. Pẹnisilíìnì ni wọ́n fi wò ó, ó sì padà sílé.

Ihò tún wà tí kòkòrò rẹ̀ ti kú. Èyí ni àwọn tó ń tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ mọ̀ dáadáa. Láti 2010 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí ẹ̀rọ GeneXpert tó ń lo ọgbọ́n PCR, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí wọ́n bá kì bọ inú ẹ̀rọ náà ń fèsì kí wákàtí méjì tó pé, á sì sọ bóyá oògùn rifampicin á ràn án. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n sin kòkòrò náà nínú ìgò, ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni. Síbẹ̀, aláìsàn tó ti lo oògùn dé ojú àmì lè tutọ́ sínú ẹ̀rọ yìí kó ṣì pariwo pé ikọ́ wà, nítorí pé òkú kòkòrò náà ní DNA. Ìdí nìyí tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ oṣù kejì ìtọ́jú kì í fi í gba ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ náà kọjá. Orí gíláàsì pẹlẹbẹ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, wọ́n á pa á láró, òṣìṣẹ́ á sì tẹ ojú mọ́ maikirosíkóòpù, á máa wá ọ̀pá pupa tín-ín-rín lórí ilẹ̀ búlúù, láti igun kan dé ìkejì.