Ọ́kẹ́sítírà Àwọn Ọ̀dọ́ ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà: Ta Ni Yóò Máa San Owó Olùkọ́?

Bí ọ̀dọ́ olórin kan bá dìde ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà Àkókó, tí ó ní òun fẹ́ kó owó jọ láti dá ọ́kẹ́sítírà àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ tí ń fi fáyólíìnì, fèrè, tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì àti ìlù kọ orin pọ̀ lábẹ́ adarí kan ṣoṣo, a kò ṣiyèméjì pé àwọn ará ìlú yóò dá sí i. Àwọn ọmọ Àkókó kì í fi ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ṣeré. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni ibi tí owó náà yóò bá lọ. Ní ọjọ́ ìkówójọ, fáyólíìnì ni gbogbo ènìyàn yóò fẹ́ rà, nítorí pé a lè kọ orúkọ ẹni tí ó rà á sára àpótí rẹ̀, a sì lè ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Ta ni ó ń kọ orúkọ sára owó oṣù olùkọ́?

Ìtàn ọ̀dọ́ kan tí ó dàgbà sí ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè là wá lọ́yẹ̀. Sheku Kanneh-Mason ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1999 ni a bí i, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ bíbí Sierra Leone. Ohun èlò tí a ń pè ní cello ni ó ń ta, èyí tí ó dà bí gòjé ńlá tí a gbé sáàárín orúnkún. Ní ọdún 2016, ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ipò kìíní nínú ìdíje BBC Young Musician. Lẹ́yìn náà ni ó fi £3,000 ta ilé ẹ̀kọ́ girama tí ó ti jáde lọ́rẹ. Owó náà ni ó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá lè máa bá ẹ̀kọ́ cello wọn lọ. Ẹ kíyè sí i: kí ẹ̀kọ́ má baà dúró ni ọ̀dọ́ yìí ṣe náwó.

Àwa pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 1914 títí di 1962, Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips ni ó ń tẹ dùrù, tí ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní orin, ní Kàtídírà Christ ní Èkó. Ọwọ́ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní 1905, ti kọ́ orin ní kékeré. Ayọ̀ Bánkọ́lé náà gba ibẹ̀ kọjá. Olùkọ́ kan jókòó sójú kan fún ọdún méjìdínláàádọ́ta, ìjọ sì dúró tì í. Bí ó bá jẹ́ pé dùrù nìkan ni wọ́n rà, tí wọ́n tì í mọ́lé ńkọ́?

Ní Kinshasa, nǹkan èlò gan-an ni kò tó. Nígbà tí Armand Diangienda, awakọ̀ òfuurufú tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, dá ọ́kẹ́sítírà ìjọ Kimbangu sílẹ̀ ní 1994, fáyólíìnì kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà lọ́wọ́ ara wọn. Bí okùn bá já, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀ ẹgbẹ́ náà gbilẹ̀, nítorí ẹni tí ń kọ́ wọn kò já wọn sílẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí ìjọba gbé gbogbo rẹ̀ lérí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wá, a kò sì ní sọ pé ìjọba kò ní ipa kankan láti kó. Ṣùgbọ́n ní Venezuela, níbi tí José Antonio Abreu ti bẹ̀rẹ̀ ètò El Sistema ní 1975, owó ìjọba ni òpó tí ó gbé e ró. Nígbà tí ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè náà dẹnu kọlẹ̀, ọ̀pọ̀ olórin àti olùkọ́ kó ẹrù wọn lọ sí òkè òkun.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà kò jìnnà síra, Àkùngbá sì wà láàárín wọn pẹ̀lú Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin. Kí ni ó dé tí olùkọ́ kan náà kò fi lè lo ọjọ́ méjì ní Ìkàrẹ́, kí ó lo méjì ní Ọ̀kà, kí àwọn ọmọ sì jọ pàdé ní ọjọ́ Sátidé? Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin wà ní Adéyẹmí ní ìlú Oǹdó, níbi tí a ti lè wá irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Agùnbánirọ̀ tí ó kọ́ nípa orin lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí a má fi ètò náà lé e lórí pátápátá. Ọdún kan péré ni tirẹ̀, kí ó tó ó lọ. Ẹ má sì gbàgbé ọyẹ́ wa. Bí ọyẹ́ bá mú, igi fáyólíìnì a gbẹ, ibi tí a fi àtè lẹ̀ a sì ya. Owó àtúnṣe gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lọ́dọọdún.

Nítorí náà, kí ẹ tó tọwọ́ bàpò, ẹ bi ọ̀dọ́ tí ó wá bá yín ní ìbéèrè díẹ̀. Ǹjẹ́ ó ti forúkọ ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC? Ǹjẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ ni àkántì báńkì náà ń jẹ́, tí ó sì ju ẹnì kan lọ tí ń fọwọ́ sí ìwé owó? Oṣù mélòó ni owó tí ó ń wá yóò fi san olùkọ́? Bí ó bá ní ìdáhùn sí èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí, ẹ fún un ní owó náà, kódà bí kò bá tíì ra fáyólíìnì ẹyọ kan.