Ọkọ̀ Tó Gun Agẹ̀rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lóṣù yìí kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú, pàápàá jù lọ àwọn ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n bí a bá ní ká máa wojú ọ̀rẹ́, a ó máa sìnkú ará ilé. Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀ kíákíá: ẹni tó bá gbé ọkọ̀ sókè tí kò tún ṣáàfù rẹ̀ ṣe, iṣẹ́ ààbọ̀ ló ṣe. Iṣẹ́ ààbọ̀ yìí sì ń pa ènìyàn.

Bí ẹ bá rò pé àsọdùn ni, ẹ jáde lọ sí Ipata, nílùú Ìlọrin wa níbí, láàárọ̀ kùtùkùtù kí oòrùn tó gorí ilé. Ẹ fi àwọn alápatà sílẹ̀ pẹ̀lú ẹran wọn, ẹ má sì dá àwọn aláta lóhùn bí wọ́n bá ń pè yín pé kí ẹ wá ra tàtàṣé. Àwọn ọkọ̀ tó ń já ẹrù ni kí ẹ wò. Ẹ wo Hilux àtijọ́, ẹ wo Peugeot 504 akẹ́rù tó ṣẹ́kù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ wọn. Ẹ ó rí i pé àwọn kan wà níbẹ̀ tó ti ga ju bí ẹni tó ṣe wọ́n ṣe ṣe wọ́n lọ. Wọ́n gun agẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ á sì dúró tì í, á na àyà síta bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹṣin.

Mi ò bá wọn jà nítorí pé wọ́n gbé ọkọ̀ sókè o. Ẹni tí kò bá tí ì gba ọ̀nà oko lápá Kaiama tàbí Baruten nígbà òjò ni yóò sọ pé kí wọ́n má gbé e. Àárín ọ̀nà á ga bí ebè, ipa taya méjèèjì á jìn bíi poro. Ọkọ̀ tó bá kúrú, ikùn ni yóò fi máa wọ́ nílẹ̀. A fẹ́ kí ata dé ọjà kó tó rà, a fẹ́ kí iṣu dé kó tó jẹrà, ọ̀nà ni kò sí. Kí ni onímọ́tò yóò ṣe? Yóò gbé mọ́tò rẹ̀ sókè ni. Mo gbà fún un. Bí wọ́n ṣe ń gbé e gan-an ni ìjà wa.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń ta ata ní Ipata, ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń tà á. Oníwèé ló máa ń pè mí nítorí iṣẹ́ ìròyìn tí mò ń ṣe. Awakọ̀ kan ló máa ń bá lọ kó ata lóko, ọkọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ Hilux àtijọ́ tó jẹ́ sípíríǹgì aláwẹ́ níwájú àti lẹ́yìn. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, awakọ̀ yìí gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan pé kó bá òun gbé e sókè. Ọ̀gá tú yúbóòtù, ó ki búlọ́ọ̀kù irin oníńṣì mẹ́rin bọ àárín sípíríǹgì àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó fi àwẹ́ méjì kún sípíríǹgì iwájú, ó dè é padà. Kò tó wákàtí mẹ́ta tó fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ó ti parí, Alhaji. Ẹ máa gbé e lọ."

Kò pé oṣù kan tí ọkọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Bí awakọ̀ bá fẹ́ gbéra láti ojú kan, ẹ ó gbọ́ "kàù!" lábẹ́. Bó bá ti dé ọgọ́ta lórí títì, ilẹ̀ ọkọ̀ á máa gbọ̀n rìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Awakọ̀ padà lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá ní ọ̀nà burúkú ló fà á, pé kó máa wà á lọ, yóò mọ́ ọn lára. Ẹ gbọ́ o, yóò mọ́ ọn lára! Ṣé bàtà tuntun ni?

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àpò ata ló kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń bá wọn gbẹ́rù, tí kò tí ì pé ọmọ ogún ọdún, jókòó sórí ẹrù. Wọ́n ti kúrò lójú ọ̀nà oko, wọ́n ti bọ́ sórí títì ọlọ́dà, awakọ̀ sì ń sáré díẹ̀ kí wọ́n lè bá ọjà. Ibẹ̀ ni ṣáàfù ti já lápá iwájú. Orí rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó gún ọ̀dà, ó sì ta ìdí ọkọ̀ sókè. Ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kán lẹ́sẹ̀ níbi méjì, ọ̀pá ló fi ń rìn títí dòní. Ọmọkùnrin náà kò dìde mọ́. Kí Ọlọ́hun foríjì í.

Nígbà tí mo lọ wo ọkọ̀ náà níbi tí wọ́n wọ́ ọ sí, mo mú oríkèé ṣáàfù tó já náà lọ́wọ́. Gíríìsì ti gbẹ tán nínú rẹ̀. Ìyẹ̀fun ìpẹtà pupa ló ń dà jáde lára rẹ̀ bí ata gígún. Láti kékeré ni mo ti mọ àwọ̀ yẹn nídìí ata, ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

Àwọn ènìyàn ní kádàrá ni. Èmi náà gba kádàrá gbọ́. Ṣùgbọ́n kádàrá kọ́ ló ki búlọ́ọ̀kù bọ abẹ́ sípíríǹgì.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀. Ṣáàfù ni ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára láti ọ̀dọ̀ gíábọ́ọ̀sì lọ sínú àpótí eyín tó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Gíábọ́ọ̀sì dúró sójú kan, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń lọ sókè sódò pẹ̀lú sípíríǹgì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi oríkèé sí orí ṣáàfù méjèèjì, ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní kúrọ́ọ̀sì. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Orúkọ Cardano, ará Ítálì kan tí wọ́n bí ní ọdún 1501, ni àwọn Faransé ṣì fi ń pe oríkèé yìí. Robert Hooke, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, náà ṣiṣẹ́ lé e lórí ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Òfin rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé bí oríkèé yìí bá tẹ̀, kì í yí dọ́gba. Nínú ìyípo kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò yára, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò fà sẹ́yìn. Bó bá tẹ̀ díẹ̀, ọkọ̀ kì í mọ̀ ọ́n lára. Bó bá tẹ̀ púpọ̀, ogun ni.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan, tí ṣáàfù sì ń yí bí ìgbà mẹ́rin kí taya tó yí ẹ̀ẹ̀kan, ṣáàfù náà á yí ju ìgbà 2,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń já kàn ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, ìyẹn lé ní 4,000. Odó wo la ó gún ní ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan tí kò ní là?

Ìdí tí oríkèé fi jẹ́ méjì ni pé ọ̀kan ń tún àṣìṣe èkejì ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ tẹ̀ dọ́gba. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ sókè tí orí kan ń wòkè, tí èkejì ń wolẹ̀, ta ni yóò tún ti ta ṣe? Nǹkan mìíràn tún wà. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá ti jìnnà sí gíábọ́ọ̀sì, ṣáàfù á fà jáde. Eyín tó yẹ kó wọnú ara wọn dáadáa, etí lásán ni yóò fi di ara wọn mú.

Nítorí náà, ọ̀gá tó bá mọṣẹ́ yóò wọn bí ṣáàfù ṣe tẹ̀ kó tó tú ohunkóhun, yóò sì tún un wọ̀n lẹ́yìn tó bá gbé ọkọ̀ tán. Bí orí ẹ̀yìn bá ṣì kọ ọ̀nà, yóò fi irin tó fẹ́lẹ́ lápá kan, tó nípọn lápá kejì, sáàárín sípíríǹgì àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn láti dá a padà. Bí ṣáàfù bá kúrú, yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ oníléèdì kó fi gígùn kún un. Kò ní gbé e fún ajórin ẹ̀bá ọ̀nà tí yóò lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lójú kan náà tí yóò sì jẹ́ kí etí iwájú àti etí ẹ̀yìn ya ara wọn. Bí etí méjèèjì kò bá wà lójú ìlà kan, gbígbọ̀n kò ní tán láéláé. Lẹ́yìn náà, wọn yóò wo ṣáàfù náà bóyá ìwọ̀n rẹ̀ dọ́gba yíká. Yóò lo yúbóòtù tuntun tó gùn tó. Yóò pààrọ̀ rọ́bà tó ń gbé epo búrékì sí èyí tó gùn, kí ó má baà já lọ́jọ́ tí taya bá bọ́ sínú kòtò. Kò ní to búlọ́ọ̀kù lé búlọ́ọ̀kù. Kò sì ní fi búlọ́ọ̀kù sábẹ́ sípíríǹgì iwájú rárá, nítorí iwájú ló ń gba wàhálà búrékì jù.

Wọ́n á ní, "Oníwèé, owó rẹ̀ pọ̀ jù." Mo ti gbọ́. Ṣé owó orí ìbùsùn ọsibítù kò pọ̀? Ṣé owó ọkọ̀ tó dojú dé kò pọ̀? Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Wọ́n á ní, "Tèmi ti ń rìn láti ọdún mẹ́ta, kò sí nǹkan kan." Ti awakọ̀ wa náà rìn títí di àárọ̀ ọjọ́ tó já.

Wọ́n á tún ní ìjọba ni kí n bá wí, pé bí ọ̀nà bá dára, ta ni yóò gbé ọkọ̀ sókè? Òótọ́ ni, mo sì ń bá ìjọba wí. Kò sí ìjọba tó yẹ kó jẹ́ kí ọ̀nà oúnjẹ ara ìlú di poro. Ṣùgbọ́n ìjọba kọ́ ló sọ pé gbígbọ̀n yóò mọ́ ọkọ̀ lára. Bí ẹnìkan bá ti ba ọ̀nà jẹ́, ṣé ìyẹn ní kí ẹlòmíràn ba ọkọ̀ jẹ́ kún un?

Ẹ má sọ pé kò ṣeé ṣe dáadáa. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna ní ọdún 1975, ọkọ̀ tó kúrú ni. Ní ọdún 1980, ọ̀gbẹ́ni Henri Dangel ní Alsace, ilẹ̀ Faransé, gbé irú rẹ̀ kan jáde tó ga, tí taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ sì ń wa ọkọ̀. Kò ki búlọ́ọ̀kù bọ abẹ́ rẹ̀ kó ní ó ti parí. Ó tún abẹ́ ọkọ̀ náà ṣe, ó fi àpótí eyín mìíràn sí i, ó sì ṣe ṣáàfù tó bá gíga rẹ̀ mu. Ọkọ̀ kan náà tí àwa mọ̀ ni. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ó parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá inú ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, NATA, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ ṣe é ní òfin láàárín ara yín pé kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tí yóò gbé ọkọ̀ sókè láìtún ṣáàfù àti búrékì rẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, láti ọdún 1988 ni wọ́n ti dá àjọ yín sílẹ̀ nítorí ẹ̀mí wa. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ti wo ìwé ọkọ̀ àti taya tán, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ tó bá ga jù. Ẹ̀yin oníṣòwò ni agbára sì wà lọ́wọ́ yín jù, nítorí ẹrù yín ni wọ́n ń dúró dè. Ọkọ̀ tó bá ń dún "kàù" bó bá fẹ́ gbéra, ẹ má gbé ẹrù sí i, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ gùn ún.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti padà sí ìdí ata rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá a ní Ipata níbi tó ti ń fi ọ̀pá tó fi ń rìn kan abẹ́ Hilux kan, awakọ̀ dúró tì í, ó ń ráhùn pé ìyá yìí ń fi àkókò òun ṣòfò. Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wò ó." Kò tilẹ̀ wojú mi. Ó ní, "Oníwèé, mẹkáníìkì ló wo ti ìjelòó."